Bàtà Ẹgbẹ̀rún Méjìlá

Nígbà tí obìnrin náà wọ yàrá tí wọ́n ti ń di bàtà sínú páálí, oníbàtà rò pé ó ṣìnà ni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń tajà. Oníbàárà kì í wá síbẹ̀. Obìnrin náà fi fóònù rẹ̀ hàn wọ́n. Bàtà dúdú ọkùnrin ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n fa igi lé ogún ẹgbẹ̀rún náírà, wọ́n sì fi pupa kọ ẹgbẹ̀rún méjìlá sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọjọ́ wo lẹ ta bàtà yìí ní ogún ẹgbẹ̀rún?"

Oníbàtà wo ìyá rẹ̀. Ìyá wo páálí.

"Ó ti pẹ́," ni ìyá wí.

"Ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ hàn mí, mà."

Kò sí rìsíìtì. Láti ọjọ́ tí bàtà náà ti dé, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni. Òṣìṣẹ́ àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ni obìnrin náà. Ó ṣàlàyé òfin láìgbé ohùn sókè: iye tí wọ́n bá fa igi lé gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹnìkan san ní tòótọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá. Ó fún wọn ní ọjọ́ méje.

"Màdáámù Ọjọ́-Wo," ni ìyá pè é bó ṣe jáde. "Ojú ẹ̀ le bí ojú adájọ́."

"Ojú ẹ̀ dára," ni ọmọ wí.

Ìyá pòṣé.

Ní ọjọ́ keje, gbogbo igi náà ti kúrò. Oníbàtà fi tíì lọ obìnrin náà. Ó ní òun kì í mu tíì lẹ́nu iṣẹ́.

"Níbo lẹ ti wá ń mu ún?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì sọ ibẹ̀ fún un. Kí oṣù náà tó parí, ó ti gbé fáìlì wọn fún ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Mi ò lè máa fẹ́ràn ẹ, kí n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò," ló sọ fún oníbàtà.

Ọdún kan kọjá. Ìyá gbà pé kí wọ́n ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n ọjà ò tà. "Gbogbo ayé ń fa igi, àwa nìkan là ń ṣòótọ́!" Láìsọ fún ọmọ rẹ̀, ó gbé bàtà dúdú náà sí ogún ẹgbẹ̀rún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló rà á. Ìyá fa igi lé ogún, ó dá a padà sí méjìlá.

Oníbàtà ló di ẹrù ẹni náà. Bàtà ọkùnrin, nọ́ńbà márùnlélógójì. Àdírẹ́sì àbúrò ìyá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, opó tó ń dá gbé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ọmọ iléèwé lọ.

"Mo ti dá owó ẹ̀ padà fún un," ni ìyá wí. "Ṣebí rìsíìtì ni wọ́n fẹ́? Rìsíìtì rèé."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin ọ́fíìsì tó gba fáìlì wọn dé. Ó ka rìsíìtì náà, ó dìde, ó ń lọ. Oníbàtà mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, owó ìtanràn yóò jẹ owó ìgbéyàwó. Bí òun bá dákẹ́, irọ́ ni òun yóò gbé wọlé fún ìyàwó.

"Ẹ dúró, sà. Àǹtí mi ló rà á. A ti dá owó rẹ̀ padà."

Ìyá jókòó sórí páálí. Páálí rì.

Wọ́n san owó ìtanràn. Ìyá ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. "Obìnrin yẹn ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tú àṣírí ìyá ẹni."

Oníbàtà lọ sọ ọ́ fún obìnrin náà níbi tí wọ́n ti ń mu tíì.

"Ṣé torí mi lo ṣe sọ̀rọ̀?"

"Ó wà lára rẹ̀, ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi kí n máa wo páálí bí wọ́n bá bi wá ní òótọ́."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tíì fi tutù.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà wọ yàrá páálí.

"Ṣé o tún fẹ́ bi wá ní ọjọ́ wo ni?" ni ìyá wí.

"Rárá, mà. Bàtà ni mo fẹ́ rà. Dúdú, nọ́ńbà márùnlélógójì."

Ìyá mọ ẹsẹ̀ tó ń wọ nọ́ńbà yẹn. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé èyí tí àbúrò rẹ̀ dá padà.

"Méjìlá ni. Mú mẹ́wàá wá. Mo yọ méjì fún ìyàwó ilé."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lẹ tà á ní méjìlá?"

Ìyá la ẹnu. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà borí rẹ̀.

"Àná! Àná yìí gan-an! Rìsíìtì ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, lọ wò ó!"

Obìnrin náà lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, bàtà yẹn náà sì ni oníbàtà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀.