Ìbora Kì Í Sọ Èso Jíjẹrà Di Tuntun

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Eléso!"

Ìyàwó Télọ̀ ló ń bọ̀. Ìyá Eléso rò pé ìjà ló gbé wá, àmọ́ kò wá jà.

"Ọkọ mi bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní ọbẹ̀ tí mo sè ló ṣe òun, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Máńgòrò yín nìkan ló ní òun lè fi sẹ́nu. Ẹ bá mi ṣa èyí tó ń dán."

Ọwọ́ Ìyá Eléso kò lọ síbi àtẹ. Ojú tì í, ó wá ń wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ọkọ rẹ̀ kékeré, àbúrò baálé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èso, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń po sítáàṣì gbágùúdá, tí a ó fi pa èso lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má tètè rọ. Ìbora náà kò ní wàhálà, ó ṣe é jẹ. Ṣùgbọ́n ìyá wa láhun. Àwọn máńgòrò tó ti fara pa, tó yẹ kó dà nù, ló rì bọ̀ ọ́ láìfọ̀ wọ́n. Àwọn ló tà fún Télọ̀, aládùúgbò rẹ̀.

Ọkọ kékeré tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ wọlé ṣọ̀ọ̀.

"Ìyàwó wa, èyí lẹ fi ìbora pa?"

Ìyá Eléso kọjú sí ìyàwó Télọ̀.

"Ìyàwó Télọ̀, ọbẹ̀ yín kọ́ o. Èmi ni. Máńgòrò tó ti ń bàjẹ́ ni mo tà fún yín."

"Ẹ̀yin? Èmi tí mo da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù, tí mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi?"

Ọkọ kékeré dá sí i: "Ìbora kì í ṣe oògùn. Èso tó dá ṣáṣá là ń fi í pa, lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́, tó sì gbẹ. Ìdíbàjẹ́ ló ń dá dúró díẹ̀, kì í lé e lọ. Ẹ tètè gbé Télọ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, omi ti ń tán lára rẹ̀."

Ìyá Eléso da gbogbo ohun tó ń dán lórí àtẹ sínú garawa ìdọ̀tí, ó tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kò lè gbójú sókè nígbà tó ń jẹ́wọ́ fún Télọ̀. Télọ̀ kò bá a wí. Ìyàwó rẹ̀ ló yíjú sí.

"Dárí jì mí, ọbẹ̀ rẹ kọ́," ni Télọ̀ wí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn ló dun Ìyá Eléso ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èso, ìbora tí a fi ohun ọ̀gbìn ṣe dára, ẹ lò ó. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ èso, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ẹ fi nǹkan pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, dídán nìkan kò tó. Èyí tó bá ti ń jẹrà, ààtàn ni kó lọ, kó má lọ sínú ọmọ ẹlòmíràn.