Skíbọ́ọ̀dù Tí Morọ́láyọ̀ Rà De Ọ̀la

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, orí àga kan náà la jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Morọ́láyọ̀ ń gbé ní Langley Park, ní Amẹ́ríkà, òun àti Tijésùnimí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Oyèwálé, bàbá ọmọ náà, ti kó lọ sí Oxon Hill, ó sì ti fẹ́ Anna, òyìnbó. Ìyẹn ò dun Morọ́láyọ̀ mọ́. Ó ti fa ọ̀rọ̀ ọkọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ti ọmọ ni kò lè fà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀ tó kan bàbá, Anna ló máa ń wá fi mọ́tò gbé Tijésùnimí lọ sórí òkè tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí sínóò, yìnyín ìgbà òtútù. Bí ọmọ náà bá padà dé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Anna ṣe báyìí. Anna sọ báyìí. Anna ra bàtà líle tí wọ́n fi ń yọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan, nídìí oúnjẹ, ó ṣèèṣì pe Morọ́láyọ̀ ní Anna.

"Họ́wù! Sọ́rì, Mummy." Ó rẹ́rìn-ín.

Morọ́láyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Owú jíjẹ kò láriwo. Abẹ́ eérú ló máa ń jó sí.

Nígbà tí Tijésùnimí wá ní òun ń fẹ́ skíbọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ láti fi yọ̀ lórí sínóò, pé Anna ti ṣèlérí láti rà á, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Anna ò ní rà á. Èmi ni màá rà á."

"Mummy, ṣé o mọ̀ ọ́n yàn?"

"Ṣé èmi àti ìwọ la jọ ń pera wa ní 'o'?"

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n yàn, mà?"

"Mo yan orúkọ fún ẹ, àbí mi ò yàn án?"

Wọ́n lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun eré ìdárayá àlòkù ní Temple Hills. Rayyan, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tajà níbẹ̀, kó skíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún wọn. Pátákó kúkúrú ni, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, tí imú àti ìdí rẹ̀ ká sókè.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ó bi ọmọ náà.

"Mo fẹ́ máa fi yọ̀ lórí irin, bí irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn."

"Ó dáa. Èyí tó fẹ̀ yìí, inú sínóò tó jìn ló dára fún, kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ṣùgbọ́n lórí irin, èyí tó kúrú ni, tí imú àti ìdí rẹ̀ bára mu, tí àárín rẹ̀ sì nípọn. A ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń yún irin pa ẹnu irin etí rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kó má baà máa há." Ó gbé ọ̀kan dúró ti Tijésùnimí. Ó dé ìdodo rẹ̀. "Ìwọ̀n rẹ nìyí."

"Ohun tí Anna náà sọ nìyẹn," ni ọmọ wí.

Morọ́láyọ̀ gbójú sókè. Èyí tó gùn jù lọ nínú ìsọ̀ náà wà lára ògiri, ó dúdú, ó ń dán.

"Ẹ bá mi gbé ìyẹn."

"Ti àgbàlagbà nìyẹn, màdámù."

"Ṣé kò ní dàgbà ni?"

"Mummy, ó ti tóbi jù!"

"Báyìí náà ni mo ṣe ra kóòtù rẹ, o ṣì ń wọ̀ ọ́. Ọmọ kì í dúró lójú kan."

Rayyan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi náà nìyẹn. Gbogbo bàtà tí mo wọ̀ ní kékeré, ìwé ìròyìn ló máa ń wà ní imú rẹ̀."

Morọ́láyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, títí ọmọ yìí yóò fi di obìnrin, ohun tí ìyá rẹ̀ rà ni yóò máa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́wọ́ lé e, ó gbàdúrà. "Olúwa, jẹ́ kí n rí ẹni tí yóò lò ó."

Sínóò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé-ìwé ò ṣí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i létí. Tijésùnimí ń din dòdò ní kíṣínì. Morọ́láyọ̀ ń ká aṣọ.

Kìrììì.

Irin lórí irin ni. Láti ibi àtẹ̀gùn ìta.

Ìró náà dákẹ́. Kìrììì.

"Tijésù, ṣé o gbọ́ yẹn?"

"Kí ni?"

Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Skíbọ́ọ̀dù ò sí níbẹ̀. Omi díẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn. Òtútù gbá a lójú. Obìnrin gíga kan ń yọ̀ bọ̀ lórí irin àtẹ̀gùn, ó tẹ orúnkún, ó na apá méjèèjì. Pátákó dúdú náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ó balẹ̀ sínú sínóò, sínóò ò tú. Ó yíjú padà.

Àpá kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀, níbi tí Tijésùnimí ti fi ẹnu gbá etí tábìlì nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

Ìyá arúgbó kan dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Anna ni. Irun rẹ̀ ti funfun báláú.

"Tijésùnimí," ni Morọ́láyọ̀ pè é.

Obìnrin gíga náà kúnlẹ̀, tòun ti pátákó lẹ́sẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Yorùbá rẹ̀ já gaara, bíi ti ẹni tí wọ́n tọ́ n'Íbàdàn. "Ṣé ẹ ń wá ẹnì kan ni?"

"Èmi ni. Èmi ni ìyá rẹ."

Obìnrin náà wò ó. Morọ́láyọ̀ mọ irú ìwò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi wo àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò rántí ilé mọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ni obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó nawọ́ sí Anna. "Ìyá mi rèé. Mi ò mọ òmíràn."

"Mummy! Òtútù ń wọlé!" Ohùn kékeré, láti kíṣínì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ dúró níbẹ̀, ṣíbí lọ́wọ́. Nígbà tó máa yíjú padà, kò sí ẹnikẹ́ni. Sínóò tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan. Skíbọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dojú rẹ̀ dé. Etí rẹ̀ ti jẹ dénú lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ohun tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, hóònù mọ́tò Anna dún nísàlẹ̀. Tijésùnimí gbé báàgì kọ́rùn. Ìyá rẹ̀ dí ojú ọ̀nà.

"Pè mí."

"Mummy?"

"Pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mummy! Mummy, Mummy, Mummy. Kí ló dé? Anna ń dúró."

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó yà fún un.

Ọmọ náà sáré sọ̀ kalẹ̀. Anna ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Tijésùnimí fẹ́ wọ mọ́tò, ó dúró. Ó bojú wòkè, ó wo Morọ́láyọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti rí i rí.

Ó kúnlẹ̀ sínú sínóò. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó dàbọ̀, mà," ló wí.