Orúkọ Tí Ọládòṣù Fi Pamọ́ ní Gáréèjì Òṣòdì

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ọládòṣù yí bọ́ọ̀sì náà po kí ó tó gbà kí àbúrò rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. Ó fọwọ́ tẹ táyà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó tún dúró lójú fèrèsé, ó ń ka ìjókòó, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí ọ̀kan nínú wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó," ni Adébímpé, àbúrò rẹ̀, wí. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Ìfura loògùn àgbà."

Gáréèjì Òṣòdì ni wọ́n wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lọ́dún kejì tí ẹ̀kúnwó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Údójì ti sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń ra rédíò àti fáànù. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni Adébímpé ń lọ. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ tíṣà níbẹ̀, kò sì mọ ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ọládòṣù, tó ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, ló tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú sí Ìsẹ́yìn. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kò lè ṣe nítorí àbúrò rẹ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti wọ́.

Tẹ́lẹ̀ rí, bọ́lẹ̀kájà ló ń gbé èèyàn rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, lọ́rì onípákó tí èrò àti iṣu jọ ń fún ara wọn mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Wàá lo ọjọ́ méjì lọ́nà, wàá sùn ní Ìlọrin, eruku á sì sọ irun ẹ di pupa. Ẹni tó bá ti sanwó ti gòkè nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í lórúkọ. Nígbà tí owó epo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí ọ̀nà ọ̀dà sì ń pọ̀ sí i, bọ́ọ̀sì alẹ́ wọ̀lú. Ìjókòó rẹ̀ ṣeé rọ̀gbọ̀kú lé, fèrèsé rẹ̀ ní kọ́tìnì, o lè sùn l'Ékòó kí o jí nítòsí Kàdúná. Akọ̀wé kan á sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tòun ti ìwé àti bírò.

Akọ̀wé yìí ni ara Ọládòṣù kò gbà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ohun rere, kí ló ń dúró de òkùnkùn fún? Ta ló tún ń kọ orúkọ ẹni tó ti sanwó tán? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bóyá àwọn agbowó-orí ló ń lo ìwé náà. Bóyá olè ni wọ́n ń tà á fún, kí wọ́n lè wá kó ilé onílé nígbà tó bá rìnrìn-àjò. Ohun kẹta wà tó ń bà á lẹ́rù jùyẹn lọ, ti àwọn tó ń fi orúkọ èèyàn ṣoògùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà, ará Èkìtì tó ti ṣe tíṣà rí. Ó gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, àǹtí. Orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé yín, àti orúkọ ẹbí kan tí a lè ránṣẹ́ sí."

Adébímpé lanu. Ọládòṣù já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kọ́ńfọ̀tì Wílíámù. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá, Èbúté Mẹ́ta."

Akọ̀wé wo ilà àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Adébímpé. Ó wo ti Ọládòṣù. Olóólà kan náà ló kọ méjèèjì, ó sì hàn gbangba.

"Àwọn Wílíámù náà ti ń kọ àbàjà báyìí?"

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?" Ọládòṣù dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹbí tí a lè ránṣẹ́ sí ńkọ́?"

"Kò ní."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo kàn bá a gbé ẹrù wá ni."

Adéyẹyè mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i. Adébímpé fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Orúkọ mi ò kúkú ṣe nǹkan kan."

"Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni," Ọládòṣù sọ sí i létí. "Ẹni tí o ò mọ̀ rí ni wàá fi ìjánu ẹ lé lọ́wọ́? Wọlé jàre. Bí o bá ti débẹ̀, tẹ wáyà sí mi."

Adébímpé wọ ọkọ̀, ó sì ń juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Inú Ọládòṣù dùn bó ṣe ń padà lọ sí Ìsọlọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti fi ọgbọ́n gba àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kọjá, kò sí wáyà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà kọjá.

"Bàbá Ajíbọ́lá, ẹ lọ bi wọ́n ní gáréèjì," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí n lọ fi ara mi hàn wọ́n? Àwọn ará pósítọ́fíìsì ló mú wáyà náà mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n."

Nígbà tó fi máa di alẹ́ Ọjọ́rú, ó ti fura sí ọ̀gá ilé-ìwé tó gba Adébímpé síṣẹ́, ó sì ti ń fura sí Adébímpé fúnra rẹ̀ pé bóyá ọkùnrin ló tẹ̀ lé lọ. Gbogbo ayé ló fura sí tán, ó ku òun alára.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Múrítàlá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá dúró tì í lẹ́bàá ẹ̀rọ.

"Ṣé o gbọ́ ti bọ́ọ̀sì Jọ́ọ̀sì? Èyí tó gbéra ní Òṣòdì lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́rì sìmẹ́ńtì kan ló bàjẹ́ sójú ọ̀nà nítòsí Jẹ́bà, kò tan iná. Wọ́n lọ kọ lù ú lóru."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ọládòṣù. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀, ó ti wà níwájú tábìlì Adéyẹyè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àbúrò mi wà nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú. Adébímpé ni orúkọ ẹ̀."

Akọ̀wé ṣí ìwé, ó fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Èrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wọ̀ ọ́. Kò sí Adébímpé níbẹ̀."

Ọládòṣù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wo Kọ́ńfọ̀tì Wílíámù."

Adéyẹyè pa ìwé náà dé. Wàyí o, ó kan òun náà láti fura.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Ọmọ ìyá ni wá."

"Ẹni tó sìn ín wá ní òun kàn bá a gbé ẹrù wá ni. Lánàá òde yìí, ọkùnrin kan dé síbí, ó ní òun ni ẹbí èrò kan, àṣé báàgì onítọ̀hún ló ń wá."

"Èmi ni mo sìn ín wá! Irọ́ ni mo pa. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, sà!"

Èèyàn ti pé lé wọn lórí, ìtìjú sì bo Ọládòṣù bó ṣe ń na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí akọ̀wé bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Adéyẹyè wo ilà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ó wà láàyè," ó ní. "Ọsibítù ní Ìlọrin ló wà, ẹsẹ̀ ló fi ṣèṣe."

Ọládòṣù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi, sà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ tán, dírẹ́bà kejì ti fóònù wá láti Ìlọrin. Ìwé yìí la fi ránṣẹ́ sí ilé gbogbo èrò. Títí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ẹbí tí kò gbọ́, àfi ti ẹnì kan. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá nọ́ńbà mẹ́rìnlá kiri Èbúté Mẹ́ta, ẹ ò sì tiẹ̀ sọ òpópónà fún mi. Mo kan ilẹ̀kùn títí wọ́n fi fẹ́ pè mí lólè."

"Mo rò pé olè lẹ fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ hàn ni. Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ẹṣin bá sì sọnù, ìjánu rẹ̀ náà la fi ń fà á wálé. Ẹ̀yin lẹ bọ́ tirẹ̀ sọnù." Ó ṣí ojú ìwé tuntun. "Ó yá, sà. Orúkọ yín?"

"Ọládòṣù Ògúnjìmí." Ó sọ àdúgbò, ó sọ nọ́ńbà ilé, ó tún júwe ọ̀nà ẹ̀yìn tó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Aswani, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọjọ́ Ẹtì ló dé ọsibítù ní Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn kò ní Adébímpé kankan. Nígbà tó dárúkọ Wílíámù, obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Háà! Ẹ̀yin lẹ ní in? Orí ẹ̀ là ń bẹ̀rù o. Láti ọjọ́ tó ti lajú ló ti ń sọ pé Adébímpé Ògúnjìmí lòun ń jẹ́, pé òun ní ẹ̀gbọ́n ní Ìsọlọ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sì sọ pé Wílíámù ni, pé kò lẹ́bí. Dókítà wá kọ ọ́ pé ọpọlọ ẹ̀ ti mì, kò mọ orúkọ ara ẹ̀ mọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni."

"Ibi méjì ló ti kán. Iṣẹ́ abẹ ni, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó ṣe é. Ó ní òun á fọwọ́ sí i fúnra òun, ṣùgbọ́n ta ló máa gba ìfọwọ́síwèé lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ ara ẹ̀?"

Adébímpé rí i bó ṣe ń bọ̀. Kò bú sẹ́kún, kò sì bú u.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo sọ fún wọn pé irọ́ la pa ní gáréèjì. Wọ́n ní kí n máa sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni."

Ọládòṣù sọ ọ́ fún wọn tẹkúntẹkún, ó sì fọwọ́ síwèé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì. Dókítà kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún un: ká ní wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, egungun náà ì bá jinná gún régé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Adébímpé dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí di òní.

Nígbà tó wá lo ìsinmi l'Ékòó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọládòṣù ló tún sìn ín dé Òṣòdì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún yí bọ́ọ̀sì po. "Ṣé dírẹ́bà méjì ni? Iná ẹ̀yìn ń tàn?" Ó tún gbára lé tábìlì Adéyẹyè. "Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí mi létí, sà." Adéyẹyè kà á: orúkọ, ilé, ẹbí. Ọládòṣù ní kó tún un kà. Adébímpé di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó sì fi ọwọ́ gbé èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò ní kí ẹ má fura. Ẹ fura sí táyà tó ti fá, sí dírẹ́bà tó ń tòògbé, sí ọkọ̀ tó ń kó èrò níta gáréèjì láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ṣí ìwé èrò, ẹ sọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín nílé, ẹ júwe ilé yín débi tí àlejò á fi rí i, kí ẹ sì dárúkọ ẹbí kan tó máa ń wà nílé. Ẹ ní kó kà á padà fún yín. Kí ẹ sì sọ ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí ẹ dé fún ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nílé. Bí kò bá gbúròó yín, kó má jókòó máa ro èrò burúkú, kó lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún akọ̀wé, ó ti fi í pamọ́ fún àwọn tó máa wá a.