Onígbàjámọ̀ àti Ìwé Orúkọ

Ìwọ tó ń kàwé yìí, jọ̀wọ́, ṣọ́ ọwọ́ rẹ. Má fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ ò rí, ìbáà jẹ́ ẹni tí o fẹ́ràn jù láyé lo ń ṣe é fún. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Onígbàjámọ̀ kan wà tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, obìnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé, ọ̀dọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé e, aṣọ wọn rin gbingbin. Ìyá Ilé ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí òun ni olórí Ilé Ọ̀dọ́, níbi tí ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọlọ́pàá ti mú rí níṣẹ́ ọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò ṣe bá wa kọ́ àwọn ọmọ yìí níṣẹ́ yín? Ọ̀sán mẹ́ta péré lọ́sẹ̀."

Onígbàjámọ̀ wò wọ́n, ó wo dúróà tí abẹ rẹ̀ wà. "Àwọn wọ̀nyí? Kí wọ́n má lọ jí abẹ mi o."

Ìyá Ilé tẹjú mọ́ orí rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ fi aró jí ewú ara yín pamọ́, ẹ̀yin lẹ tún ń bẹ̀rù olè?"

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti bá a ṣeré bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gbé kílípà àti àga kan lọ sí Ilé Ọ̀dọ́.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ká wọn mọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á mu tíì. Onígbàjámọ̀ pa aró irun tì.

"Ewú yìí yẹ ọ́, olólùfẹ́ mi," ni Ìyá Ilé wí. "Ohun tó wù mí lára rẹ ni pé o ò mọ irọ́ pa."

Inú ẹ̀gbọ́n Ìyá Ilé lọ́kùnrin ò dùn sí i. "Irọ́ ni ọkọ àkọ́kọ́ fi ba ayé ẹ jẹ́. Ta ló mọ inú eléyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, eléyìí yàtọ̀."

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Òfin kan wà ní Ilé Ọ̀dọ́. Ìwé orúkọ ńlá kan wà lórí tábìlì. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí ojú ọmọ kó tó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, wọ́n á dá a padà fún ìjọba.

Ibi tó ń dùn mí gan-an la dé yìí.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Ara màmá mi ò yá, mi ò ní lè wá lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyí. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Onígbàjámọ̀ rántí bí Ìyá Ilé ṣe sunkún nígbà tí wọ́n dá ọmọ kan padà. Kò fẹ́ rí ẹkún yẹn mọ́. Kò lọ wo màmá ọmọ náà. Nígbà tó dé Ilé Ọ̀dọ́ lọ́sàn-án, ó fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tó ìgbà téèyàn fi ń sín.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ẹnì kan ní òun rí Ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Ìyá Ilé ṣí ìwé.

"Ẹ wò ó! Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ wa lọmọ yìí wà."

Ó tún lọ búra níwájú adájọ́ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà. Wọ́n fi Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bí wọn ò ṣe rí ẹlòmíì mú, ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù fóònù náà ni wọ́n wá mú, wọ́n ní òun ló ṣílẹ̀kùn fún olè. Oníbàárà onígbàjámọ̀ ni ọlọ́dẹ yìí. "Dókítà Orí" ló máa ń pè é.

"Ìwé rẹ ló gba ọmọ yẹn là, ayọ̀ mi," ni Ìyá Ilé ń wí. Bí ata lójú ọgbẹ́ lọ̀rọ̀ náà rí. Onígbàjámọ̀ fi abẹ gé etí oníbàárà kan.

Lọ́jọ́ keje, ìyàwó ọlọ́dẹ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé. "Dókítà Orí, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa.

Ó bá Ìyá Ilé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn àlejò ìgbéyàwó.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ò wá lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Mi ò rí ojú rẹ̀. Mo kàn fọwọ́ sí i ni."

Bíró bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ilé. "Ẹnu mi yìí ni mo fi búra."

"Mi ò fẹ́ kí o sunkún ni. Torí ìfẹ́ ni."

"Ẹ má fi ìfẹ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀, ọ̀gbẹ́ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sọ pé, "Mo sọ fún ẹ." Ó kàn ká ìwé àlejò náà, ó fi sápò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni onígbàjámọ̀ àti Ìyá Ilé lọ sọ òótọ́ fún ọlọ́pàá. Wọ́n tú ọlọ́dẹ sílẹ̀. Kò wá gẹrun mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́wọ́ pé òun wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ lo oṣù mẹ́fà nílé àwọn ọmọ aláìgbọràn. Kó tó lọ, ó wo ojú onígbàjámọ̀.

"Bàbá, ká ní ẹ kọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn títí di òní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Ilé ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìwé orúkọ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Lábẹ́ orúkọ àwọn ọmọ gbogbo, onígbàjámọ̀ rí orúkọ ara rẹ̀.

"Gbogbo ọ̀sán," ni Ìyá Ilé wí. "Ẹ ó máa wá, màá rí ojú yín, màá sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó parí."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí Ọ̀kẹ́rẹ́ á fi padà dé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wú ikọ́. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ìgbéyàwó wà, àbí kò sí?"

Ìyá Ilé gbójú sókè. Ó wo ojú onígbàjámọ̀, ó wò ó pẹ́, dé orí ewú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú bíró, ó fọwọ́ sí ti ọjọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bi mí mọ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan kún un."