Igi Gúáfà Inú Ikùn Uswat

Igi gúáfà kan wà lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé l'Ágége. Ẹ̀rọ kankan kò ké níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, èèyàn á kàn gbọ́ "gbì!" lórí páànù, kò sì ní rí ẹni tó ju nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, Uswat, ọmọ ọdún mẹ́fà, mú gúáfà kan tó já bọ́, ó gé e jẹ. Inú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kó tó ronú, ó ti gbé e mì tòun ti kóró.

Bọ̀dá Jubril jórinjórin rí i. "Há! O jẹ ẹ́? Òṣìṣẹ́ tó kú sídìí ẹ̀rọ ló ni igi yẹn o! Á hù nínú ikùn rẹ. Bí o bá ṣe ń mu omi ni yóò máa ga, títí ẹ̀ka á fi gba etí rẹ yọ!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Uswat kò fi omi kan ẹnu. Bí ìyá rẹ̀ bá bu omi fún un, á dà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí ilé pa rọ́rọ́, ó ń gbọ́ ọ nínú ikùn rẹ̀: kùùrùù, kùùrùù. Gbòǹgbò ti ń wá ọ̀nà. Etí rẹ̀ sì ń yún un.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ ti wọnú, òòyì sì gbé e ṣubú. Kùdírátù, ìyá rẹ̀, pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Damaris gbé ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà wá. Uswat pa ẹnu dé.

"Ẹ má fún mi, Àǹtí. Á dàgbà."

"Kí ni yóò dàgbà?"

"Igi inú mi."

"A'ùsù bilàhí!" Kùdírátù figbe ta. "Igi wo?"

Damaris kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Uswat sọ ọ́ délẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Kò sí ilẹ̀ nínú ikùn, kò sí oòrùn. Kóró gúáfà á bá ìgbẹ́ jáde ni."

"Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Inú gúáfà mìíràn pupa, ti òmíràn funfun. Fítámínì Sí, èròjà aṣaralóore tó wà nínú rẹ̀, tilẹ̀ ju ti ọsàn lọ."

"Ohùn tí mò ń gbọ́ ńkọ́?"

"Ikùn tó ṣófo ló ń kùn."

"Ẹ̀yin náà ti gbé kóró rẹ̀ mì rí?"

"Àìmọye! Wo etí mi. Ṣé o rí ewé?"

Uswat yẹ ti ọ̀tún wò, ó yẹ ti òsì wò, ó gba ife. Ó mu ẹnu kan, ó dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá mu ún tán.

"Ẹ fún mi sí i."

Ẹ̀yin ọmọdé, gúáfà dára. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ là á wò nítorí ìdin. Ẹ má jẹ èyí tí kò tíì pọ́n ní àjẹjù, ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Èyí tó bá hù nídìí ilé-iṣẹ́, ẹ bi àgbà kí ẹ tó mú un, nítorí kẹ́míkà lè wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa.

Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọmọ dé ibì kan, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín irọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ lè pa ọmọ ọlọ́mọ.