Ìyípo Kẹsàn-án Tí Kò Parí

Ìyípo kẹjọ gbà á ní ìṣẹ́jú méjì géérégé. Dárasími rí i lójú fóònù, ó rẹ́rìn-ín, nítorí àbúrò rẹ̀ Philip kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Máṣìn náà kọjá lára rẹ̀ fòò, ó ré ìlà funfun ojú títì kọjá, áàpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkẹsàn-án. Ìṣẹ́jú méjì pé. Mẹ́ta pé. Nígbà tó fi di mẹ́wàá, Dárasími ti ń sáré.

Títì tuntun kan tí iṣẹ́ ti dúró lórí rẹ̀ ni, láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀ Sátidé làwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré máṣìn máa ń lọ síbẹ̀. Wọ́n á so fóònù mọ́ iwájú máṣìn, áàpù á máa fi GPS tọ ipa wọn, á sì máa fi àkókò ìyípo kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí fóònù Dárasími. Tíṣà ni Dárasími ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni kó máa ṣọ́ àkókò. Lọ́jọ́ yẹn, òun àti Philip nìkan ló wá. Níbi òkìtì òkúta tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà, ó bá akoto Philip nílẹ̀, ó sì rí ipa táyà mọ́tò nínú ẹrẹ̀. Kò sí máṣìn. Kò sí Philip. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà àjèjì kan pe ìyá wọn. "Ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́pàá, òkú ẹ̀ lẹ máa gbà."

Bùrọ̀dá Simon ló bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà rù. Òun ni olórí ẹgbẹ́ eré máṣìn, páàtì máṣìn ló ń tà lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ti lọ ra táyà nígbà tí òun gbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sí pálọ̀ wọn. Òun ló ń bá àwọn ajínigbé sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n gbà pé kó gbé owó ìtúsílẹ̀ wá. Màmá ta ilẹ̀ tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀, ó di owó náà sínú báàgì, ó ń wo Simon bí ẹni wo áńgẹ́lì. "Ọlọ́run ló rán ẹ sí wa, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án, Dárasími jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ṣí áàpù náà. Àárò àbúrò rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó kàn fẹ́ wo àwọn àkókò rẹ̀ ni. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ìyípo tí kò bá dé ìlà, kò sẹ́ni tó ń kà á, kì í tilẹ̀ hàn lórí tábìlì àkókò. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ronú kan ìkẹsàn-án. Ó wá a kàn nísàlẹ̀ áàpù pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́.

Áàpù ò dúró. Ó ń tọ ipa máṣìn náà lọ, ìgbà tó sì débi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ìlà náà dé òkìtì òkúta, ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tún ń lọ. Ó gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ó yà sọ́nà Iresa, ó parí sí oko kan.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ló mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Ibi tí èèyàn bá ti tẹ bíréèkì, áàpù á fi àmì pupa síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Philip máa ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Àìmọye ìgbà ni Dárasími ti bá a wí. Àmì méjìméjì ló wà ní gbogbo kọ́nà lórí ìlà yìí. Ẹnì kan péré ló ń gùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, láti ìgbà tó ti ṣubú ní kọ́nà lọ́dún tó kọjá tí èjìká rẹ̀ kán. Ó ṣí ìyípo àtijọ́ ti ẹni náà, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohùn ẹni náà ń ti pálọ̀ bọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Aago mẹ́rin ni màá gbé e fún wọn. Gbogbo ẹ̀ á parí."

Kí Dárasími tó dìde, Simon ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Kí lò ń wò nínú fóònù látàárọ̀?"

"Àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi ni, sà. Wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìdánwò."

"Jẹ́ n rí i."

Ìka rẹ̀ ti yára yí ojú ìwé náà padà. Simon gbà á, ó wò ó pẹ́, ó dá a padà. "Ṣọ́ra o. Àwọn èèyàn yẹn ń wò wá."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ n lọ ra búrẹ́dì fún Màmá. Wọn ò tíì jẹun."

"Jẹ́ ká jọ lọ."

Simon fi mọ́tò rẹ̀ gbé e dé Akẹ̀sán, ó dojú mọ́tò kọ ẹnu ìsọ̀ Ràódàt oníbúrẹ́dì. Dárasími wọlé, ó kọjá sẹ́yìn, ó ká gúlútú sáàárín àwọn àpò fúláwà, ó pe Ínsípẹ́kítọ̀ Nùrẹ́nì, ọlọ́pàá tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì tí Dárasími ń kọ́.

"Bàbá Zulaikha, mo mọ ẹni tó gbé àbúrò mi. Simon ni. Ó wà níta báyìí."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ibo ni Philip wà?"

"Iresa. Mo ti fi àwòrán ọ̀nà náà ránṣẹ́ sí yín."

"Tíṣà, ẹ padà sínú mọ́tò rẹ̀."

"Sà?"

"Tẹ́ ò bá padà, ó máa pe àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ yẹn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Èmi ń lọ sí Iresa báyìí, àwọn ọlọ́pàá mi á wà nítòsí ilé yín. Ẹ má jẹ́ kó jáde kí n tó pè."

Ẹ ò rí iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọbìnrin. Ó ra búrẹ́dì, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sọ́dọ̀ ẹni tó jí àbúrò rẹ̀ gbé.

"O pẹ́," ni Simon wí.

"Èyí tó gbóná ni mo ń dúró dè, sà."

Simon fọwọ́ kan búrẹ́dì náà. "Èyí tutù."

"Ó tán kó tó kàn mí."

Simon ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa. Ó wà á kọjá ojú ọ̀nà ilé, ó ń lọ ṣáá. "Ẹni tó bá purọ́ fún mi," ni Simon wá sọ, "n kì í gbàgbé ẹ̀." Ó wò ó títí. Nígbà tó ṣe, ó ṣẹ́rí mọ́tò padà sílé.

Ní aago mẹ́ta kọjá, Simon gbé báàgì. Dárasími dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ ò ṣe gbàdúrà fún Bùrọ̀dá Simon kí wọ́n tó lọ?"

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé àdúrà Màmá kì í ṣe kékeré. Ó kúnlẹ̀, ó ti Sáàmù kan bọ́ sí òmíràn. Simon ń wo aago, ó ń ṣe àmín wéréwéré, ó ń ti ẹsẹ̀ kan dórí èkejì. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ Philip ni, ó bá gbé e.

"Simon, Nùrẹ́nì ọlọ́pàá ni. Philip wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Jókòó síbi tó o wà."

Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré gba ilé ìdáná. Ọlọ́pàá méjì ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n wọ́ ọ padà wọ pálọ̀, Màmá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Nùrẹ́nì bi í, "Ta ló gun máṣìn lọ sí Iresa?"

"N ò mọ̀, sà. Táyà ni mo lọ rà."

Dárasími gbé fóònù síwájú rẹ̀. Simon wo àwọn àmì pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn bò ó. "Ṣùgbọ́n kò dé ìlà," ló ń sọ. "Kò yẹ kó hàn." Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́: ìsọ̀ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ní ilẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló di Philip lójú, tí wọ́n fi mọ́tò gbé e. Òun ló gun máṣìn.

Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, wọ́n mú Philip délé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Dárasími dì mọ́ ọn, ó sunkún títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Màmá bu ẹ̀wà àti ata díndín síwájú rẹ̀. Philip fi síbí kan ẹnu, ó gbé e sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ohun tí wọ́n ń fún mi jẹ níbẹ̀ nìyí. Mo mọ epo yín, ẹ máa ń jẹ́ kó jó díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti gbé ẹ̀yin náà ni, pé ẹ̀ ń se oúnjẹ fún wọn ní yàrá kejì. Mo ń pè yín láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ ò dáhùn."

Màmá ló ń di oúnjẹ fún Simon lálaalẹ́ kó gbé e lọ sílé, nítorí pé kò níyàwó tó máa sebẹ̀ fún un. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó mú síbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ẹ̀wà.

"Philip, mo ń dá ẹ lóhùn. La ẹnu."