Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ìjà ni Hafeezah kọ́kọ́ bá Suhaib jà kó tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 2022, nínú gbọ̀ngàn sinimá kan ní Accra. Wọ́n ń fi fíìmù tuntun hàn, èyí tí wọ́n ṣe láti inú Ìlú Èéfín, ìwé ìtàn àtijọ́ kan nípa Ìbídùn, ọmọbìnrin tó lọ gba àbúrò rẹ̀ padà, èyí tí àwọn Yorùbá ìlú náà fẹ́ràn bí ojú. Ìwé yẹn gan-an ni Alhaji Mísbáù, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Darkuman, fi kọ́ Hafeezah ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá kíkà. Accra ni wọ́n bí i sí. Twi ló ń sọ níléèwé, Gà ló ń sọ ládùúgbò, ṣùgbọ́n Ìlú Èéfín, ó mọ̀ ọ́n sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí fíìmù ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kùn.

"Odò yẹn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Chale, wo irun Ìbídùn!"

Ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ kò gbójú kúrò lára fíìmù.

Ó wá di ẹnubodè. Nínú ìwé, ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnubodè Ìlú Èéfín kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ohun tó ń dẹ́rù bani lára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, nígbà tí Ìbídùn gba àbúrò rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, ìyá náà gbé ọwọ́ lé Ìbídùn lórí, ó ní, "Àkànkẹ́, máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn."

"Ta ni Àkànkẹ́?" Hafeezah pariwo. "Kò sí Àkànkẹ́ nínú ìwé!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíjú sí i. Omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ parí."

Ojú ti Hafeezah. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Suhaib lorúkọ òun, òun ń ṣe awò ojú ní Lapaz. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ akérò tròtrò kan náà. Hafeezah ń sọ̀rọ̀, Suhaib ń gbọ́.

"Ṣé ẹ̀yin ò kórìíra fíìmù náà ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá pa yín lẹ́kún?"

Suhaib yíjú sí fèrèsé. Ìyá tó ṣọ́ ẹnubodè nínú fíìmù yẹn, ìyá tó bí i lọ́mọ ni. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é, aláṣọ ní ọjà Kaneshie. Àwọn tó ṣe fíìmù ló wá ìyá tó gbọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ dáadáa wá sọ́jà, tí wọ́n sì bá a níbẹ̀. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Ó kàn wọ̀ mí lára ni," Suhaib ní.

Lọ́jọ́ kejì, Hafeezah gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí Wasáàpù fún ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ìwé náà. Ó ní, "Ẹ gbà mí o! Níbo ni wọ́n ti rí ìyá yẹn? Ohùn bí ẹni ń polówó tòmátì! Àkànkẹ́, Àkànkẹ́! Ta ló bí Àkànkẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti wọ fóònù àwọn Yorùbá láti Kaneshie dé Lapaz. Ó dé ọ̀dọ̀ Suhaib, ó sì dá ohùn náà mọ̀. Ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, nígbà tí Hafeezah pè é, ó gbé e.

Ìfẹ́ kò bèèrè lọ́wọ́ wọn kó tó wọlé. Suhaib ṣe awò ojú tuntun fún Alhaji Mísbáù, bàbá náà sì súre fún un. Bó bá di ọ̀sán, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Suhaib, wọn a jọ jẹ wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, nínú ewé. Suhaib gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò lè kà á dáadáa. Hafeezah a máa ka Ìlú Èéfín sí i létí.

"Ohùn rẹ dùn," Suhaib a ní.

"Ẹlẹ́tàn."

"Bí mo bá ń tàn ọ́, kí n má ríran mọ́. Ìtutù ojú mi ni ọ́, Hafeezah."

Nígbà tó di oṣù kẹta, Suhaib mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró ti se ọbẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní. Hafeezah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ilé."

Ìyá náà dúró gbọn-in.

"Tún kí mi."

"Ẹ káàsán, mà."

"Ohùn yìí," Àwẹ̀ró ní jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo bèèrè ẹni tó bí Àkànkẹ́."

Hafeezah gbójú sókè, ó sì dá ojú ìyá ẹnubodè mọ̀.

"Èmi ni," Àwẹ̀ró ní. "Èmi ni mo bí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ibà gbé e lọ, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé. Ní báyìí, bí àwọn aláwàdà bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, 'Àkànkẹ́!' ni wọ́n ń pariwo. Mo ti gbé àga mi lọ sẹ́yìn ìsọ̀ kí wọ́n má baà rí mi." Ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Máa lọ, ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n o kò lè jẹ́ ìyàwó ilé mi."

Níta, Hafeezah dojú kọ Suhaib.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀," Suhaib ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá sọ fún ọ, wàá sá fún mi. Bí mo bá sọ fún Màámi, wọ́n á ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ."

"O wá jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọnú iná! Oṣù mẹ́ta, Suhaib!"

Ó lọ. Suhaib pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e.

Nílé, ó sunkún ro ẹjọ́ fún bàbá rẹ̀. Alhaji Mísbáù bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé yẹn," ó ní. "N ò mọ̀ pé mo kọ́ ọ débi tí o fi fẹ́ràn ìwé ju èèyàn lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Dìde. A ń lọ bẹ̀bẹ̀."

Ní Kaneshie, bàbá arúgbó ṣí fìlà níwájú ìsọ̀ aláṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Hafeezah kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo ọjà.

"Alhaji, ẹ dìde," Àwẹ̀ró ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí."

"Màámi," Hafeezah ní, "ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àkànkẹ́ jẹ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n á dákẹ́."

"Rárá o! Ọmọ mi kì í ṣe ìtàn tí ẹ ó máa gbé kiri orí fóònù."

Hafeezah tẹ orí ba. Nígbà tó yá, ó bèèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Báwo ni Àkànkẹ́ ṣe rí, mà?"

Àwẹ̀ró wò ó.

"Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Bàbá rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí òun náà fi kú. Suhaib ṣì kéré, kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Àwọn tó ṣe fíìmù kàn ní kí n rán ọmọ yẹn lọ bí ìgbà tí mò ń rán ọmọ tèmi. Orúkọ ọmọ mi ló jáde lẹ́nu mi." Ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Kì í wọ bàtà. Tó bá ti rí máńgòrò, kò sẹ́ni tó tún mọ̀ lọ́jọ́ yẹn…"

Alhaji Mísbáù rọra gba ilé lọ. Okùn ọ̀rọ̀ ìyá náà kò já títí di àdúrà Àsárì.

Lọ́jọ́ náà, Hafeezah tún sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́. Kò gùn. "Mo ṣì fẹ́ràn ìwé náà ju fíìmù lọ. Ṣùgbọ́n àgbà ni ìyá tí mo bú, mo sì ṣẹ̀ ẹ́. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ mi ìjọ́sí rẹ́." Olútóyè, olórí ẹgbẹ́, fèsì pé ó ti da àwọn olólùfẹ́ ìwé. Àwọn mìíràn bú u. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ó wá pe Suhaib.

"Bí nǹkan bá dùn ọ́, sọ fún mi," ó ní. "Kódà bó bá jẹ́ èmi ló fà á. Èmi ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀."

"Ó dùn mí gan-an, Hafeezah. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sunkún."

"Mo gbọ́. Má bínú, olówó orí mi."

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Suhaib náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ Ramadan, nígbà tí Àwẹ̀ró ti gbà, wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí Darkuman. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú ìyàwó dé ilé ọkọ ní Lapaz. Sàúdátù, ìyàwó àbúrò bàbá Suhaib, ti gbé igbá omi dání lẹ́nu ọ̀nà láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá ọkọ kì í ṣe é," Sàúdátù ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ kan ti orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó da omi sí ẹsẹ̀ Hafeezah, ó ń fọ àárín ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," Hafeezah ń sunkún.

"Dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo iyanrìn Darkuman lo kó wá síbí."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó na ọwọ́ sí ìyàwó kó gbé òun dìde.

"Ó tán. Wọlé, ọmọ mi. Oúnjẹ ti ń tutù."